Àṣẹ́kù Lára Ògiri Abà

Ìyá mi kì í pè mí lásìkò iṣẹ́. Ó mọ̀ pé ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní Odigbo láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, bí fóònù bá sì dún nínú kíláàsì, n kì í gbé e. Nítorí náà, nígbà tí ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta léraléra láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹwàá, mo fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ọkùnrin tó ń bá wa ṣe oko kòkó ti pòórá," ni ó wí. "Òní ló di ọjọ́ kẹsàn-án. Baálẹ̀ abúlé ibẹ̀ ní kí n mú ẹ wá."

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ wá ṣe?"

"Ó kọ nǹkan sára ògiri. Àwọn kan ní ìṣirò ni, àwọn kan ní kì í ṣe ìṣirò. Ìwọ tó o kàwé rẹ̀ ni kó o wá sọ."

Ìkálẹ̀ ni ìyá mi ń sọ. Èmi ni mo ń kọ ọ́ ní Yorùbá tí gbogbo wa jọ gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà nínú ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò mọ bí mo ṣe lè kọ ìyẹn.

Oko náà wà lójú ọ̀nà Ajue. Bàbá mi ló gbìn ín kó tó kú. Ọkùnrin tó pòórá yìí sì ti ń tọ́jú rẹ̀ fún wa láti bí ọdún mọ́kànlá. Àjèjì ni, láti ìpínlẹ̀ mìíràn ló ti wá, òun nìkan ṣoṣo. Ó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Kì í mu ọtí, kì í bá ènìyàn jà, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Inú abà alámọ̀ oníyàrá kan ló ń gbé, láàárín igi kòkó, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń ṣókùnkùn bí ìrọ̀lẹ́ lọ́sàn-án gangan.

Nígbà tí ilé-ìwé parí, èmi àti ìyá mi gun ọ̀kadà kan náà, ó di ọ̀nà oko. Ọlọ́kadà kọ̀, kò wọnú ọ̀nà abà. Ẹ̀gbẹ́ títì ló já wa sí, ó sì yí padà kí n tó ka owó rẹ̀ tán.

A fi ẹsẹ̀ rìn. Oṣù tí ó yẹ kí oko pariwo ni. Ó yẹ kí a máa gbọ́ àdá lára igi àti ẹ̀rín àwọn obìnrin tó ń fọ́ kòkó, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ nǹkan kan. Kòkó wà lórí igi, ó ti pọ́n kọjá àlà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti dúdú, ó ti rọ̀. Kò sí lébìrà tó gbà láti wọ ibẹ̀ mọ́.

Baálẹ̀ abúlé tó sún mọ́ oko àti ọkùnrin méjì mìíràn ni a bá níwájú abà. Wọ́n jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, bí ènìyàn ṣe ń jìnnà sí ibi tó ti rí ejò. Baálẹ̀ kí ìyá mi, ó sì nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Ẹ wo èyí ná, Tíṣà."

Ilẹ̀kùn pákó ni. Ọkùnrin náà ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ nọ́ńbà sí i lára, ó jinlẹ̀ dáadáa:

73939133
7393913
739391
73939
7393
739
73
7

"Ẹ wò ó bó ṣe ń tán lọ," ni ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wí. "Ẹni mẹ́jọ ni. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ara mi tutù. Kì í ṣe nítorí ohun tí ó sọ. Mo mọ nọ́ńbà náà ni.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo wọlé. Fèrèsé kékeré kan ni yàrá náà ní. Ẹní wà nílẹ̀, ìkòkò wà lórí ààrò, ọbẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ti bu. Àdá rẹ̀ ṣì sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Lára ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti ilẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ ènìyàn lè nà dé, èédú ni ó fi kọ nọ́ńbà sí wọn, ìlà lórí ìlà, ọ̀wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀wọ́, kò sí àyè tí ó tó àtẹ́lẹwọ́ tó ṣófo. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Gbogbo 7 tó kọ ló fa ìlà kékeré sí láàárín.

Nọ́ńbà méjì ló wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè lápá òsì: 2, 1. Lẹ́yìn náà, 3, 2. Lẹ́yìn náà, 5, 3. 7, 2. 11, 4. 13, 8. Mo dúró níbẹ̀, mo sì fi ọkàn pín nọ́ńbà ilẹ̀kùn. Fi méjì pín in, ó ṣẹ́ ku ení. Fi mẹ́ta pín in, ó ṣẹ́ ku èjì. Fi márùn-ún pín in, ó ṣẹ́ ku ẹ̀ta. Àṣẹ́kù ni. Gbogbo ògiri náà, àṣẹ́kù ni.

Nígbà náà ni mo rántí.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ọkùnrin náà gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan wá sílé ìyá mi ní Odigbo, ó bá mi níbi tí mo ti ń máàkì ìwé ìdánwò. Ó dúró sẹ́yìn mi pẹ́, kó tó béèrè ohun tí mo ń fi bírò pupa fà. Mo sọ fún un pé àwọn ọmọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín nọ́ńbà tó ṣé pín àti práìmù.

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Nọ́ńbà tí nǹkan kan kò lè pín kó má ṣẹ́kù, àfi ení àti òun fúnra rẹ̀. Ẹ kó èkùrọ́ méje jọ. Ẹ kò lè pín in sí òkìtì méjì tó dọ́gba, ẹ kò lè pín in sí mẹ́ta, ẹ kò lè pín in sí mẹ́rin. Ọ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò máa ṣẹ́kù ṣáá ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà gbádùn pé àgbàlagbà kan ń gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì mi kò fẹ́ẹ́ gbọ́. Mo bá sọ fún un nípa 73939133. Mo ní práìmù ni. Bí a bá gé nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lára rẹ̀, ohun tó kù, práìmù ni. Bí a bá tún gé e, práìmù ni. Bẹ́ẹ̀ ni a óò máa gé e títí yóò fi ku méje, kò sì sí ibi tí ohunkóhun yóò ti rí àyè wọ inú rẹ̀. Mo ní kò sí èyí tó tóbi jù ú lọ tí ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà yòówù kí a kọ sí ìdí rẹ̀, yóò bàjẹ́.

"Ta ló pín in tó fi mọ̀?"

"Ẹ̀rọ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ojú ènìyàn kankan ò tíì rí i?"

"N kò lè sọ."

Ó ní kí n kọ ọ́ fún òun. Mo ya etí ìwé kan, mo kọ ọ́ sí i, ó sì dì í sínú fìlà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò rò ó mọ́.

Mo jáde sí àwọn àgbà tó ń dúró. Mo ṣàlàyé fún wọn, mo rọra sọ ọ́. Mo ní kì í ṣe oògùn, kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Láti ọdún mẹ́fà ni ọkùnrin yìí ti ń fi nọ́ńbà kéékèèké pín nọ́ńbà ńlá kan, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti mọ̀ bóyá ọ̀kan nínú wọn yóò wọ̀ ọ́ láìṣẹ́kù.

"Tó bá wọ̀ ọ́ ńkọ́?" ni Baálẹ̀ béèrè.

"Kò ní wọ̀ ọ́, bàbá. Kò sí èyí tó lè wọ̀ ọ́."

Ó wò mí títí. "Ẹni tó ń wá ohun tí kò sí fún ọdún mẹ́fà, òun nìkan, nínú igbó. Ìwọ náà ò rí i pé nǹkan wà níbẹ̀?"

Baálẹ̀ ní bó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn yóò sun abà náà kí àwọn lébìrà lè padà sí oko. Mo wo ìyá mi. Ó wo kòkó tó ń dúdú lórí igi, kò sì jiyàn.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo padà wọlé, mo wo ibi tí ó parí iṣẹ́ sí. Ìsàlẹ̀ ògiri kẹrin ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. 8543 ni nọ́ńbà tó fi pín in kẹ́yìn. Mo ti ń kọ́ ènìyàn ní ìṣirò pẹ́ tó láti mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí ènìyàn bá ń wá ohun tí yóò pín nọ́ńbà kan, kò pọn dandan kó pín in dé òpin. Tó bá ti dé ibi tí nọ́ńbà tó fi ń pín in, tí a bá fi òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ti pọ̀ ju nọ́ńbà ńlá náà lọ, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Práìmù nìkan ló fi ń pín in; fún 73939133, 8597 ni ìkẹyìn wọn. Ó ti ṣe èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Mẹ́rin péré ló kù ú: 8563, 8573, 8581, 8597.

Nígbà tí mo padà sí ilé mi ní Ore, mo jókòó sídìí tábìlì ní ìrọ̀lẹ́, mo sì pín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé kékeré kan. N kò lo fóònù. N kò mọ ìdí tí n kò fi lò ó. 8563 ṣẹ́ ku 6191. 8573 ṣẹ́ ku 5581. 8581 ṣẹ́ ku 5237. 8597 ṣẹ́ ku 4933. Mo pa ìwé náà dé, mo fi í sábẹ́ àwọn aṣọ mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò tilẹ̀ sọ fún ìyá mi.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyá mi di púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí àwa Ìkálẹ̀ ń jẹ, àti ẹja yíyan sínú abọ́ ọlọ́mọrí. "Gbé e sínú abà," ni ó wí. "Bó bá jẹ́ ènìyàn ni, ebi á máa pa á." Mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, mo sì lọ. Èmi nìkan ni mo lọ lọ́jọ́ náà.

Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ rọ̀, n kò sì rí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà yàtọ̀ sí tèmi. Mo wọlé, mo gbé abọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú mi sì dé ìsàlẹ̀ ògiri kẹrin.

8563, 6191.

Lábẹ́ 8543 ni ó wà, èédú rẹ̀ ṣì tutù. Mo fi ìka kàn án, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Nǹkan tí ó bà mí lẹ́rù jù ni pé iye tí mo kọ pamọ́ sábẹ́ aṣọ ní Ore ni mo ń wò lára ògiri nínú igbó Ajue. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ìyẹn yà mí lẹ́nu. Ẹnikẹ́ni tó bá pín in dáadáa, iye kan náà ni yóò rí. Ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ni. Ṣùgbọ́n n kò rántí bí mo ṣe jáde. Ojú títì ni mo ti rí ara mi, bàtà mi kan ti jábọ́ sínú ẹrẹ̀.

"Ó wà láàyè," ni ìyá mi wí nígbà tí mo sọ fún un. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kejì dà bí ìbéèrè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti ìyá mi ti dé oko kí ìrì tó gbẹ, nítorí a fẹ́ ṣáájú àwọn tó ń bọ̀ wá sun abà. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé. Abọ́ púpurú wà níbi tí mo gbé e sí. Kò sí ẹni tó ṣí i. Ìjàlọ ti gba ọmọrí rẹ̀, wọ́n tò lọ tò bọ̀. Mo wo ògiri. Ìlà mìíràn ti wà níbẹ̀: 8573, 5581.

Ìyá mi pè mí níta, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Wo ẹ̀yìn igi yẹn."

Ọkùnrin náà dúró láàárín igi kòkó. Ó ti rù. Ewé gbígbẹ wà lórí irun rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan di ẹ̀ka igi mú bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé dáadáa. Kò sún mọ́ wa. Ó ń wo ọ̀nà tó wà lẹ́yìn wa, bóyá àwọn mìíràn ń bọ̀.

"Ẹ̀yin nìkan ni?" ni ó béèrè.

"Àwa nìkan ni," ni ìyá mi dáhùn. "Kí ló dé tí o kò jẹun tí mo fi ránṣẹ́?"

"Mo rò pé wọ́n fi nǹkan sí i ni, Ìyá."

Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa. Níbi tí wọ́n ti ń fún epo lábúlé, ó gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ń sọ pé àwọn ti rí ohun tó ń kọ, àti pé àwọn yóò fi ọwọ́ ara àwọn bá a sọ̀rọ̀. Kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sá wọ igbó lápá ọ̀nà Agbabu, ibẹ̀ ló ń sùn, ibà sì dá a dùbúlẹ̀ níbẹ̀; ìgbà tí ara rẹ̀ bá rọjú díẹ̀ ló ń yọ́ wá sí abà. Wọ́n ń bẹ̀rù ògiri rẹ̀, òun náà ń bẹ̀rù wọn. Ẹ̀rù méjèèjì yìí ló mú kí oko náà dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí, "èmi ni mo fún yín ní nọ́ńbà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó wò mí bí ẹni pé n kò gbọ́ èdè. "Kí n bínú? Tíṣà, ìpín ni ohun tó gbẹ̀yìn tí wọ́n kọ́ mi kí bàbá mi tó yọ mí kúrò nílé-ìwé. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀gá wa máa ń pè mí síwájú kíláàsì. Láti ìgbà náà, ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tó fún mi ní ohun tí mo lè pín."

Ìyá mi yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

A gbọ́ ohùn àwọn tó ń bọ̀. Baálẹ̀ ló ṣáájú, àwọn mẹ́fà tẹ̀ lé e, ẹnì kan gbé gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì. Ọkùnrin náà fẹ́ padà sínú igbó, ìyá mi sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àgbàlagbà ni ìyá mi, kò lágbára kan lọ títí, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò já ara rẹ̀ gbà.

"Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀ lójú yín," ni mo sọ fún Baálẹ̀. "Méjì ló kù. Bó bá jẹ́ oògùn, ẹ óò rí i. Bó bá jẹ́ ìṣirò, ẹ óò rí i."

Baálẹ̀ ro ó, ó sì fi orí sọ pé ó dára. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú abà, ó mú igi, ó ń kọ sórí erùpẹ̀. Èyí ni ọ̀nà tó ń gbà ṣe é láti ọdún mẹ́fà: ó ń fi igi pín in sórí ilẹ̀, ó ń pa á rẹ́, àṣẹ́kù nìkan ni ó ń gbé wọlé. Ibà ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣìṣe. Ó fi 8581 pín in, ó ṣẹ́ ku 5237. Ó wọlé lọ kọ ọ́. Ó jáde, ó fi 8597 pín in. Ó fi 8600 sọ 8597 di púpọ̀, ó yọ ọ́ kúrò, 4933 sì jókòó sórí ilẹ̀ níwájú gbogbo wa.

Èmi tí mo ti mọ iye náà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, irun ara mi dìde.

"Ó parí?" ni Baálẹ̀ béèrè.

"Ó parí, bàbá. Kò sí ohun tó lè wọ̀ ọ́."

"Kí ló wá wúlò fún?"

Ọkùnrin náà ronú. "N kò mọ̀," ni ó wí.

Mo rò pé ìdáhùn yẹn ló gbà á là. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àárẹ̀, ó sì ní kí ẹni tó gbé kẹrosíìnì máa gbé e padà sílé. Kìkì ilẹ̀kùn ni wọ́n ní kí ó yọ, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sì fi àáké là á sí igi ìdáná lọ́jọ́ náà. Ìyá mi mú un lọ sí ilé oògùn, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ibà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn lébìrà padà, wọ́n sì kó èyí tó ṣẹ́kù lórí igi.

Ọkùnrin náà kò pẹ́ lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ìyẹn. Wọn kò ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin kì í bá a rìn lójú ọ̀nà mọ́, àwọn ọmọdé sì máa ń sá bí ó bá ń bọ̀. Nínú oṣù kejìlá, ó sọ fún ìyá mi pé òun fẹ́ padà sí ìlú òun. Èmi ni mo sìn ín lọ sí páàkì ní Ore. Báàgì kan ṣoṣo ni ẹrù rẹ̀. Ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, awakọ̀ ti ń tẹ fèrè, nígbà tí ọkùnrin náà yọ orí jáde lójú fèrèsé.

"Tíṣà, ẹ ṣé fún ìlà tí ẹ bá mi kọ."

"Ìlà wo?"

"8573. Nígbà tí mo yọ́ wọ abà lọ́jọ́ Ẹtì láti ṣe é, mo bá a pé ẹ ti ṣe é. Mo tún un pín, ó pé."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ o. N kò kọ nǹkan kan sára ògiri yẹn."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ṣí. Mo rí i tó ń wò mí títí ọkọ̀ fi wọ àárín àwọn tírélà, tí n kò rí i mọ́.

Mo ti sọ fún ara mi pé ibà ni. Ẹni tí ibà ń ṣe lè kọ nǹkan kó má rántí. Mo gba ìyẹn gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì tí ó lọ, mo gun ọ̀kadà lọ sí oko, mo fẹ́ wo 7 tó wà nínú 8573 náà, bóyá ìlà kékeré wà láàárín rẹ̀ bíi ti àwọn yòókù tí ọkùnrin náà kọ. Àgbẹ̀ tuntun tí ìyá mi gbà ti ṣáájú mi débẹ̀. Ó ní òun kò lè sùn nínú irú abà bẹ́ẹ̀, ó sì ti wó o láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òkìtì amọ̀ ni mo bá. Mo ṣà á títí, mo ń yí i padà, títí mo fi rí ọ̀kan tí èédú wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, kì í sì í ṣe 7. Ó lè jẹ́ ẹ̀ta, ó lè jẹ́ ẹ̀jọ. N kò lè sọ èyí tí í ṣe.